Bí A Ṣe Lè Tún Ẹ̀rọ Amúlétutù Ilé Ṣe Láìsí Ìrẹ́jẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, nígbà tí ooru bá mú jù lọ ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, fóònù àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe kì í sinmi. Ìgbà náà gan-an ni ìrẹ́jẹ máa ń pọ̀ jù, nítorí pé ẹni tí ooru ń bá fínra kì í ní sùúrù láti béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ lé lórí. Olóòótọ́ pọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú oníbàárà kò lè tètè dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń méfò.

Ẹ̀rọ amúlétutù mi ń fẹ́ atẹ́gùn ṣùgbọ́n kò tutù mọ́. Oníṣẹ́ tó wá wò ó ní gáàsì rẹ̀ ti tán. Ṣé gáàsì AC máa ń tán lóòótọ́?

Rárá, kì í tán bí gáàsì ìdáná ṣe ń tán. Gáàsì ìdáná ń jóná ni, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú AC ń lọ ó ń bọ̀ nínú páìpù bàbà tí wọ́n ti dí pa: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó wà níta á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbóná, fáànù ìta á fẹ́ ooru rẹ̀ dànù, á di olómi, á wọnú ilé, á gba ooru yàrá sára, á tún di afẹ́fẹ́, á sì padà síta. Gáàsì kan náà ni yóò máa yí po báyìí fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kò bá sí ibi tó ti ń jò. Nítorí náà, bí gáàsì bá dínkù, ó ń jò ni, àfi bí ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà kọ́ kò bá rọ ọ́ tó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọdọọdún ni wọ́n ń rọ gáàsì sí AC, yálà kò mọṣẹ́ tàbí owó ló ń wá. Bí ó bá rọ gáàsì tuntun láìwá ibi tó ń jò, ẹ̀rọ náà yóò tutù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan, inú yín yóò dùn, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì tún pè é padà kí ooru tó lọ. Òun nìkan ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe láǹfààní.

Ibi tó sábà máa ń jò kò pọ̀. Èkíní ni ẹnu nọ́ọ̀tì bàbà méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìta, níbi tí páìpù ti wọlé. Èkejì ni ara páìpù tí wọ́n ti jó pọ̀. Ẹ̀kẹta ni ara ẹ̀rọ inú ilé tàbí tìta tí ìpẹta ti jẹ, pàápàá ní Lekki àti Victoria Island níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń gbé iyọ̀ wá bá irin. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Oníṣẹ́ yóò po ọṣẹ mọ́ omi díẹ̀ títí tí yóò fi hó, yóò fi kànìnkànìn rọra tò ó sí ẹnu nọ́ọ̀tì náà, yóò sì dúró. Bí ó bá ń jò, ẹ ó rí i kí ìfófó kékeré kan yọ, kí ó máa wú díẹ̀díẹ̀, kí ó bẹ́, kí òmíràn sì tún yọ lójú ibẹ̀ kan náà. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń ṣe é. Àwọn ibi tó ń jò tín-ín-rín lè má hàn báyìí, ìyẹn ni àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa ṣe máa ń fi gáàsì nitrogen tẹ inú páìpù, tí wọ́n á sì ṣọ́ bóyá gééjì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn bí gáàsì ṣe ń tẹ páìpù, yóò sọ̀kalẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé gáàsì ló dínkù, kì í ṣe nǹkan mìíràn?

Ẹ má gba ariwo afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Àwọn kan máa ń fi ẹnu irin tín-ín-rín tẹ ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, tí yóò dún “ṣìììì” díẹ̀, wọ́n á wá kọjú sí onílé, wọ́n á ní, “Mọ́mì, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.” Gáàsì yín ni wọ́n ń tú dànù yẹn, ariwo náà kò sì lè sọ iye tó kù fún ẹnikẹ́ni. Gééjì ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ nínú ooru ilẹ̀ wa, AC tó ń lo irú gáàsì tí wọ́n ń pè ní R22 sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 60 sí 75 psi (òṣùwọ̀n ojú gééjì) lójú páìpù ńlá. Èyí tó ń lo R410A tàbí R32 máa ń wà ní nǹkan bíi 110 sí 140. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, tí ojú ọjọ́ sì jẹ́ nǹkan bí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, R22 yóò gòkè dé nǹkan bíi 158, R410A yóò sì dé nǹkan bíi 259. Ẹ jẹ́ kí ó fi iye tó wà lójú gééjì hàn yín, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ó tó rọ ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n iye yìí nìkan kò tó. Fítà tó dí, tàbí fáànù inú ilé tó ti rẹ̀, lè mú kí gééjì sọ̀kalẹ̀ kí yìnyín sì bo páìpù, gẹ́gẹ́ bí gáàsì tó dínkù ṣe ń ṣe. Oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe yóò kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn náà ni yóò wọn gáàsì. Ẹni tó bá so gééjì mọ́ ẹ̀rọ tí eruku bò, tó sì kéde lójú ẹsẹ̀ pé gáàsì ti tán, ti fo ìpele kan.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe. Ẹ ra tẹmómítà kékeré kan, ẹ jẹ́ kí AC ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wọn atẹ́gùn tó ń wọlé lókè ẹ̀rọ inú ilé, kí ẹ sì wọn èyí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá jẹ́ 8 sí 12 lórí Celsius, ẹ̀rọ náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé yàrá ló tóbi jù fún un tàbí pé oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ kí oníṣẹ́ tó dé, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n kí ó tó lọ.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó pe ẹnikẹ́ni?

Ẹ wo rímóòtù bóyá ẹnì kan ti yí i sí fáànù dípò ìtutù. Ó ń ṣẹlẹ̀ jù bí ẹ ṣe rò lọ, owó ọkọ̀ oníṣẹ́ sì ti bá a lọ. Ẹ yọ fítà, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ lọ wo ẹ̀rọ ìta bóyá fáànù rẹ̀ ń yí, àti bóyá kò sí aṣọ, páálí tàbí ewéko tó dí i lójú. Ẹ wo iye iná tó ń wọlé lójú stabilizer.

Oníṣẹ́ ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti jó, pé kí n ra òmíràn tàbí kí n ra AC tuntun. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ẹ má tíì gbà á gbọ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni èlò tó wọ́n jù nínú AC, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń tètè jáde lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gba owó ńlá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi í ni pé: “Ṣé ẹ ti wọn kàpásítọ̀?” Kàpásítọ̀ ni èlò kékeré tó ń ran kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra, owó rẹ̀ kò sì tó ohun tí à ń pariwo. Bí ó bá ti rẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò kùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò ní lè gbéra, yóò gé ara rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan yóò tún gbìyànjú. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ̀n ọ́n yóò sọ pé ó ti kú.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú lásán lè rí kàpásítọ̀ tó bàjẹ́: orí rẹ̀ tó yẹ kó tẹ́jú á ti wú sókè, òróró díẹ̀ a sì máa yọ létí rẹ̀. Nígbà mìíràn kò sí àmì kankan lára rẹ̀, mítà tí oníṣẹ́ fi ń wọn iná nìkan ló lè fi hàn. Iye tó yẹ kó ní wà lára rẹ̀, fún àpẹẹrẹ 35 µF (microfarad), pẹ̀lú àmì pé ó lè fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí kí ó fi dín. Bí mítà bá ka 20, ẹ ti rí ẹlẹ́bi náà.

Bí kàpásítọ̀ bá dára, tí iná sì tó, a lè wá yẹ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ wò. Ẹnu wáyà mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Lára AC tí kì í ṣe inverter (inverter ni èyí tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ lè sáré tàbí kí ó rọra yí bí ooru bá ṣe pọ̀ tó), C, R àti S ni wọ́n ń pè wọ́n, iye tí mítà bá kà láàárín R àti S gbọ́dọ̀ jẹ́ àpapọ̀ C sí R àti C sí S. Lára inverter, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan kò bá ka nǹkan kan nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti tutù dáadáa, tàbí bí mítà bá kà nǹkan láàárín ẹnu wáyà kan àti ara irin, ó ti jó nìyẹn, ẹ gbà fún oníṣẹ́. Ẹ kíyè sí pé a ní kí ó ti tutù: èyí tó gbóná jù lè gé ara rẹ̀ kúrò fún ìgbà díẹ̀ kí ó sì dà bí òkú.

Àyẹ̀wò yìí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nítorí náà ẹni tó bá ní àyè kò sí fún un kò gbọdọ̀ ní àyè láti gba owó yín.

Oníṣẹ́ ń sọ R22, R410A àti R32. Ṣé ó yẹ kí èyí kàn mí?

Ó kàn yín gidigidi. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní gáàsì tí wọ́n ṣe é fún, orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù tàbí kílò sì wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìta. A kò gbọdọ̀ pò wọ́n pọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, nítorí pé agbára tí wọ́n fi ń tẹ páìpù yàtọ̀, irú òróró tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà sì yàtọ̀. Àwọn kan ń rọ R22 sí ẹ̀rọ R410A nítorí pé òun ló kù nínú sílíńdà wọn lọ́jọ́ náà. AC náà lè tutù fún ìgbà díẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

R22 wà lára àwọn gáàsì tó ń ba ozone jẹ́, ìyẹn ìbòrí ojú ọ̀run tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì ti gbà láti máa dínkù lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987. Fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà bíi Nàìjíríà, wọ́n ní láti dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù ní ìdá 67.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti 2025, kí ó sì di ìdá 97.5 ní 2030. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún onílé ni pé R22 yóò máa ṣọ̀wọ́n, àwọn oníṣẹ́ ibi yóò sì máa fi orúkọ rẹ̀ ta ayédèrú. Ẹ má ra AC tuntun tó ń lo R22 mọ́, bí ó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

R410A jẹ́ àdàlú gáàsì méjì, nítorí náà sílíńdà rẹ̀ ni kí wọ́n yí dorí kodò kí ó lè wọlé ní olómi. R32 lè gbiná díẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rọ gáàsì ìdáná sí AC yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣílẹ̀kùn fún un kí ó máa lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rọ gáàsì bí ó ti yẹ?

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ibi tó ń jò, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ vacuum fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin tó wà nínú páìpù jáde, ó kéré tán fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀rinrin tó bá kù síbẹ̀ yóò bá òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ di ásíìdì tí yóò máa jẹ ẹ́ láti inú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń gé iṣẹ́ kúrú, tí wọ́n á kàn fi gáàsì díẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, nítorí pé wọn kò ní ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á sì rọ iye tó wà lára ìwé ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó kílò kan, ẹ wo òṣùwọ̀n ṣáájú, kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn.

Oníṣẹ́ fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó gbé e?

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé ṣe lórí àkàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bíi jíjó ibi tó ti jẹ lára páìpù tàbí pípààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, nítorí náà gbígbé e lọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí à ń sá fún ni kí AC tó jáde pẹ̀lú bàbà padà wá pẹ̀lú aluminium, tàbí kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ di ẹrù ẹlòmíràn. Kí ó tó gbé e, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, ẹ ṣí ìdérí ìta, ẹ ya fọ́tò ìwé tó wà lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, kí ẹ sì fi máákà tí kì í parẹ́ fi àmì kékeré kan síbi tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Ẹ ṣe é lójú rẹ̀. Olóòótọ́ kò ní bínú, ẹni tó bá sì bínú ti ran yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo èlò tí wọ́n bá yọ, tiyín ni. Àwọn tó ń ké “condemn” kiri àdúgbò ń ra ògbólógbòó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti bàbà, nítorí náà ohun tí wọ́n sọ pé ó ti di pàǹtírí yẹn lówó lórí. Bí ẹ bá fẹ́ fún oníṣẹ́ náà, kí ó jẹ́ ẹ̀bùn láti ọwọ́ yín, kí ó má jẹ́ ohun tó ti wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀.

Ṣé èmi ni kí n ra èlò, àbí kí n fún un lówó?

Bí ẹ bá ní àyè, ẹ bá a lọ. Ẹni tí kò mọ ọjà Alaba ní Èkó dáadáa kò gbọdọ̀ dá lọ, nítorí ayédèrú àti ojúlówó ń gbé orí káńtà kan náà níbẹ̀, orúkọ àti àwọ̀ páálí wọn sì jọra. Bí ẹ kò bá lè lọ, ẹ ní kí ó fi fọ́tò èlò náà àti rìsíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ẹ tó fi owó ṣọwọ́ tààrà sí àkáǹtì ẹni tó tà á. Kò sí ohun tó burú nínú kí oníṣẹ́ jẹ èrè díẹ̀ lórí ohun tó bá yín rà, ẹsẹ̀ ló fi rìn. Kí ó sáà sọ ọ́ jáde.

Ẹ tún béèrè bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ẹ san owó tuntun lórí tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn.

Èló ló yẹ kí n san?

A kò ní kọ iye kan síbí, nítorí pé láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ èlò wọ̀nyí ti ń wá, owó wọn sì ń bá iye dọ́là gòkè sọ̀kalẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí iye náà pín sí ọ̀nà tó hàn: owó àyẹ̀wò àti ọkọ̀, owó èlò, owó iṣẹ́. Ẹni tó bá dárúkọ àpapọ̀ owó kan láti ẹnu ọ̀nà, tí kò tíì ṣí ìdérí, ara aṣọ yín àti mọ́tò tó wà ní iwájú ilé ló ti ka iye náà. Ẹ san owó àyẹ̀wò láìjanpata, kódà bí ẹ kò bá ní gbé iṣẹ́ fún un, nítorí pé ẹni tí a kò sanwó àyẹ̀wò fún gbọ́dọ̀ rí nǹkan tó bàjẹ́ kí ó tó jẹun. Bí iṣẹ́ náà bá tóbi, ẹ pe ẹnìkejì wá wò ó, ẹ má sì sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí fún un.

Báwo ni mo ṣe lè mọ oníṣẹ́ gidi?

Ẹ wo ohun tó kó wá. Ẹni tó wá pẹ̀lú mítà, gééjì, òṣùwọ̀n àti vacuum ti fi owó rẹ̀ sínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó wá pẹ̀lú sípánà kan àti sílíńdà gáàsì ti mọ ohun tí yóò sọ kí ó tó rí AC yín. Ìwé ẹ̀rí trade test (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́) dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó mọṣẹ́ jù lọ ló kọ́ ọ lábẹ́ ọ̀gá mìíràn láìní ìwé kankan, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn nìkan díwọ̀n ènìyàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ti lò ó ju ọdún kan lọ, kì í ṣe èyí tó tún tirẹ̀ ṣe lánàá. Ẹ sì béèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀gá lè gba ìpè, kí ọmọ oṣù mẹ́fà sì wá ṣí ẹ̀rọ yín.

Omi ń kán láti ara ẹ̀rọ inú ilé. Ṣé gáàsì ni?

Ó ṣọ̀wọ́n. Páìpù tí omi ń gbà jáde ló dí, tàbí kí ẹ̀rọ náà má tẹ́jú lára ògiri. Fífẹ́ páìpù náà kò yẹ kí ó gba owó ńlá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí n fọ AC lọ́dún?

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa fọ fítà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fọ tinú-tìta ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ìgbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí eruku ọyẹ́ ló máa ń dí ẹ̀rọ ìta jù. Kí wọ́n pa iná pátápátá, kí wọ́n fi ọ̀rá bo bọ́ọ̀dù, kí wọ́n má sì fi omi alágbára tẹ àwọn irin wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ní àtẹ̀wó.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. AC 12,000 BTU, tí àwa ń pè ní 1.5 horsepower, ń fa iná tó lé díẹ̀ ní kílówáàtì kan. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, fọwọ́ sí ₦225 fún wákàtí kílówáàtì kan fún àwọn tó wà ní Band A (àwọn tó ń rí iná jù) ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wákàtí mẹ́jọ láìdúró di nǹkan bíi ₦2,000. Iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò yí: AC tó mọ́ máa ń tutù tán yóò sì sinmi, èyí tó dọ̀tí kì í sinmi rárá.

Ṣé iná ìjọba lè ba AC jẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, òun sì ni olórí ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́dọ̀ wa. 230 volt ló yẹ kó wọlé; bí ó bá sọ̀kalẹ̀ sí 170, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò máa tiraka, yóò sì máa gbóná. Ẹ lo stabilizer tó lágbára tó fún un, tó sì ń dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó tan AC lẹ́yìn tí iná bá dé, kí gáàsì lè rí àyè rọlẹ̀ nínú páìpù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré aláfọwọ́fà kò lè gbé e, ẹ má dán an wò.

AC mi jẹ́ inverter. Wọ́n ní bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ béèrè àmì àṣìṣe tó yọ lójú ẹ̀rọ, kí ẹ sì wò ó nínú ìwé tó bá a wá, nítorí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí bọ́ọ̀dù ìta lójú yín. Kì í ṣe àwàdà: ọmọńlé máa ń wọ ibẹ̀ lọ sùn, yóò fi ara kan wáyà méjì, yóò kú mọ́ ojú bọ́ọ̀dù, gbogbo ẹ̀rọ náà yóò sì dákẹ́. Nígbà mìíràn, èlò kékeré kan ló jó níbẹ̀ tí ẹni tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe lè pààrọ̀, láìjẹ́ pé ẹ ra odidi. Ẹ má gbà kí wọ́n fi bọ́ọ̀dù alájùmọ̀lò (universal) rọ́pò bọ́ọ̀dù inverter. Kò lè darí irú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn. Oníṣẹ́ ní mo gbọ́dọ̀ ra gáàsì tuntun.

Kò pọn dandan. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ó lè kó gáàsì jọ sínú ẹ̀rọ ìta: yóò tan AC sí ìtutù, yóò ti ẹnu páìpù kékeré, yóò máa wo gééjì títí yóò fi sún mọ́ òdo, yóò ti ẹnu páìpù ńlá, yóò sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ní ilé tuntun, wọ́n á fi vacuum fa afẹ́fẹ́ páìpù jáde, wọ́n á sì ṣí i padà. Bí páìpù tuntun bá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n á fi díẹ̀ kún un.

Òkè òkun ni mo wà, àwọn òbí mi ló wà ní Ìbàdàn. Oṣooṣù ni mo ń fi owó AC ránṣẹ́.

Ìyẹn ti pọ̀ jù. Ẹ má fi owó náà ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ tàbí kí ẹ di ẹrù rẹ̀ lé Bàbá tàbí Màmá lórí, nítorí àgbàlagbà kì í fẹ́ bá ọmọ ẹlòmíràn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Ẹ ní kí àbúrò tàbí ìbátan kan tó lè dúró gbọin-gbọin wà níbẹ̀, kí oníṣẹ́ fi fídíò gééjì, mítà àti òṣùwọ̀n ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ san owó èlò sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì mú owó iṣẹ́ dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Bí gáàsì bá ti wọ AC kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ọ̀rọ̀ ibi tó ń jò ló kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

Àwọn ará wa tó wà ní Houston ní ọ̀nà tó rọrùn jù: ní Texas, àjọ TDLR ló ń fún àwọn tó ń gba iṣẹ́ AC ní ìwé àṣẹ, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára ọkọ̀ wọn àti ìwé owó wọn. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Oníṣẹ́ ti gba owó, AC kò tutù, oníṣẹ́ náà kò sì gbé fóònù mọ́. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ wọn ní àdúgbò. Ìtìjú ẹgbẹ́ máa ń yára ju ti ọlọ́pàá lọ. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè owó yín kí ẹ sì mú ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dá a padà. Ní Èkó, ẹ lè fẹjọ́ sùn ní LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ìpínlẹ̀ náà, tàbí kí ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, níbi tí wọn kì í gba owó láti parí ìjà. FCCPC ló ń bójú tó ẹ̀tọ́ oníbàárà jákèjádò Nàìjíríà lábẹ́ òfin ọdún 2018. Fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, Small Claims Court tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 wà fún un, ẹ kò sì nílò lọ́yà níbẹ̀. Ibikíbi tí ẹ bá gbà lọ, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ni rìsíìtì, ẹ̀rí owó tí ẹ fi ṣọwọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, àti fọ́tò ẹ̀rọ náà ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́.